Ẹṣin gbé ọmọ mi ṣubú, akoto rẹ̀ ò sì ní àpá kankan. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Ìyá Mọ́rẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ ẹṣin gígùn ní Ìkòyí já bọ́ ní Sátidé tó kọjá. Ọ̀rá ni afẹ́fẹ́ gbé kọjá níwájú ẹṣin, ẹṣin ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ sì fi ẹ̀bátí gba ilẹ̀. A dúpẹ́, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Akoto tó dé lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí orí ọmọ tiẹ̀ tóbi jù ú lọ. Mo yí i síwá-sẹ́yìn, kò sán, kò dẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò bó. Olùkọ́ ní kí ọmọ ṣì máa dé e. Bàbá Mọ́rẹ́ ní kí n má fi owó ṣòfò. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Akoto wà lọ́jà, wọn ò ta orí ní Balógun.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin: Ìyá Mọ́rẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu ọmọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹṣin ní Èkó yìí, láti ayé Bar Beach, kí wọ́n tó kó iyanrìn dí òkun tí wọ́n sọ ọ́ di Eko Atlantic. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ara akoto tí ẹ̀ ń wò yẹn, èèpo ni. Fóòmù funfun líle tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Bí orí bá gbá ilẹ̀, fóòmù yẹn á rún mọ́ra, òun ló máa gba ìyà tí agbárí ì bá jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń rún. Kì í padà wú. Bí ọmọ bá tún fi ojú ibẹ̀ gbálẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ tó máa rún dípò orí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbá pólò, bọ́ọ̀lù ló ba akoto rẹ̀. Kò já bọ́ o, bọ́ọ̀lù lásán ni, ó sì gbá eré náà tán. Ó ń dé akoto yẹn lọ bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tó tú aṣọ inú rẹ̀ láti fọ òógùn. Mo wà níbẹ̀. Ilà kan tín-ín-rín bí irun bẹ̀rẹ̀ láti òkè etí ọ̀tún, ó yí lọ sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpàkọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ilà náà sì la ẹnu. Láti ìta, akoto yẹn ń dán gbinrin.

Nítorí náà, ẹ tú aṣọ inú ti Mọ́rẹ́, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wo ọ̀gangan ẹ̀bátí. Bí ẹ bá rí ilà, tàbí ibi tó tẹ̀ wọnú, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ṣì ti parí, torí pé fóòmù lè ti rún kí ojú má rí i. Orí ọmọ ti kan ilẹ̀ nínú ẹ̀. Iṣẹ́ akoto yẹn ti tán.

Ṣọlá Yábàá: "Bọ́ọ̀lù lásán ni." Olúwa ṣàánú wa. Àgbà, ẹ ṣeun.

Onírun Sùúrùlérè: Èmi ò lè gbójú fo olùkọ́ yẹn o. Olùkọ́ wo ló máa rí ọmọ tó fi orí gbálẹ̀ kó ní kó máa dé e lọ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Àti bàbá ọmọ. Táyà ọkọ̀ wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ wáyà, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa sáré lọ Ládípọ̀.

Ìyá Mọ́rẹ́: Ẹ dákun, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ 😂 Owó ilé ìwé ló wà lọ́kàn wọn.

Nọ́ọ̀sì Àkókà: Kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ akoto lọ, ọmọ ńkọ́? Ẹ ṣì máa ṣọ́ ọ o. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò dáwọ́ dúró, tó bá ń bì, tó bá ń sùn ju bó ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò bá jọra wọn, ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn, ẹ má dúró di àárọ̀. Akoto máa ń dín agbárí fífọ́ kù. Ọpọlọ ṣì lè mì nínú agbárí tí kò fọ́. Kó má sì gun ẹṣin kankan títí dókítà fi máa ní kó lọ.

Ìyá Mọ́rẹ́: Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Ó ń jẹun, ó sì ń bá àbúrò rẹ̀ jà.

Bàbá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé akoto ló ń gba ènìyàn là. Christopher Reeve tó ṣe Superman, ó dé akoto lọ́jọ́ tí ẹṣin gbé e ṣubú ní 1995. Ṣé ó tún rìn lẹ́yìn ìgbà náà?

Nọ́ọ̀sì Àkókà: Bàbá, ọrùn ló fi ṣẹ́. Kò sí akoto tí wọ́n ṣe fún ọrùn. Bí ẹ bá fẹ́ ti orí, ẹ wo Courtney King-Dye, tó gun ẹṣin fún Amẹ́ríkà ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2008. Ní oṣù kẹta 2010, ẹṣin tó ń gùn kọsẹ̀ ní Florida. Kò dé akoto lọ́jọ́ náà. Agbárí rẹ̀ fọ́, kò mọ ibi tó wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì tún ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ bí ọmọdé.

Bàbá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n máa ń sọ pé ká máa pààrọ̀ ẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, bí kò tilẹ̀ ṣubú, ta ló sọ ọ́? Àwọn tó ń tà á náà ni.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin: Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ Snell Foundation náà sọ ọ́, wọn kì í sì í ta akoto, ṣe ni wọ́n ń dán an wò. Pete Snell jẹ́ awakọ̀ eré ìje. Ó kú ní 1956, akoto tó dé kò gbà á là. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn dókítà dá àjọ yẹn sílẹ̀ ní 1957. Ọdún 5 ni wọ́n ń sọ, nítorí òógùn, ìpara irun àti lílò ojoojúmọ́ tó ń jẹ àwọn èròjà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ooru Èkó wa yìí, èmi ò rò pé ó yẹ ká lò ó kọjá bẹ́ẹ̀ rárá.

Ṣọlá Yábàá: Ooru gan-an! Àbúrò mi máa ń fi tiẹ̀ sínú búùtù, ọkọ̀ á wà nínú oòrùn ní Marina láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan tó gbé e jáde, gọ́ọ̀mù ti yọ́, aṣọ inú rẹ̀ rọ̀ dirodiro.

Dísípáàṣì Ọ̀jọ́ta: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bákan náà ni ti ọ̀kadà? Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti ra tèmi. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Àgbà, mo tú aṣọ inú ẹ̀. Tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan ni mo bá, lẹ́yìn náà ó kan ike. Kò sí fóòmù líle kankan.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin: Ọmọ mi, ìyẹn kì í ṣe akoto. Nítorí Ọlọ́run, wá òmíràn. Ti máṣíìnì, wo ẹ̀yìn tàbí inú ẹ̀ bóyá wàá rí DOT tàbí ECE 22, àmì pé ó bá ìlànà ààbò mu, kí o sì fọwọ́ kan fóòmù kí o tó sanwó, torí wọ́n ń lẹ ayédèrú mọ́ ọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ rántí 2009! Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò dé akoto. Ṣebí igbá ni àwọn kan dé. Ẹlòmíràn dé ike ọ̀dà.

Onírun Sùúrùlérè: Àwọn èrò tí ò fẹ́ dé e ńkọ́? Wọ́n ní ọlọ́kadà ti fi oògùn sínú ẹ̀, pé ẹni tó bá dé e á pòórá.

Dísípáàṣì Ọ̀jọ́ta: Ìyá mi ò dé e títí di òní. Wọ́n ní orí àwọn kì í ṣe ti gbogbo ayé.

Ọmọ Balógun Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ rọra. Ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, àwa ọmọ Balógun ń gun ẹṣin tìlù-tìlù, ìbọn ń dún, ẹṣin ń jó. Fìlà àti agbádá la fi ń gùn ún láti ayé àwọn bàbá wa. Àwòrán Farooq Oreagba tó gba gbogbo ayé kan ní 2024, gíláàsì dúdú àti sìgá lẹ́nu, bó bá jẹ́ akoto ló dé, ta ni ì bá wò ó?

Ṣọlá Yábàá: Ìbọn ń dún, ẹṣin ń jó, èrò pọ̀ bí omi. Gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn dé akoto sí lẹ kà sílẹ̀ yẹn.

Ọmọ Balógun Ìjẹ̀bú: Ìdílé wa ò kọ́ ẹṣin gígùn lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n. Ẹwà ọjọ́ náà wà nínú ìmúra.

Nọ́ọ̀sì Àkókà: Àwọn òyìnbó náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa fìlà dúdú gíga tí wọ́n fi ń gun ẹṣin tẹ́lẹ̀ ní dressage, ìdíje tí ẹṣin ti ń gbẹ́sẹ̀ bí ijó. Láti 2021, FEI, àjọ tó ń darí eré ẹṣin lágbàáyé, ti sọ akoto di dandan fún gbogbo wọn. Ìdíje náà ṣì rẹwà.

Ọmọ Balógun Ìjẹ̀bú: Wọn ò ní Ojúde Ọba.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin: Ẹ jẹ́ ká má bára wa jà. Mo fẹ́ràn Ojúde Ọba, ìlú ìyá mi ni. Àwọn tó ń fi ẹṣin sáré ìje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akoto roboto ni wọ́n ń dé, wọ́n á wá fi aṣọ aláràbarà bò ó. Kí ló dé tí a ò lè fi aṣọ òkè rán irú ẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ bá agbádá mu? Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ńlá bá dé e lọ́dún kan, lọ́dún kejì àwọn ọ̀dọ́ á máa bá télọ̀ dòwò pọ̀.

Ọmọ Balógun Ìjẹ̀bú: Aṣọ òkè. Èyí, mo lè gbé e lọ sípàdé ìdílé.

Ṣọlá Yábàá: Ẹ ṣáà má kùn ún lọ́dà. Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí kan ní Lẹ́kkí yá ẹṣin fún àwọn ọmọ, ó sì fún ọ̀dà sára gbogbo akoto kí ó bá aṣọ ẹbí mu. Ọ̀dà yẹn ní kẹ́míkà tó lè jẹ ike àti fóòmù.

Onírun Sùúrùlérè: Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ irun. Àwọn oníbàárà mi kan ń gun ẹṣin. Bí mo bá di irun pẹ̀lú àtàṣì tó nípọn, akoto á gun òkè orí, á fi iwájú sílẹ̀. Wọ́n á lọ ra èyí tó tóbi. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá tú irun, á máa yí lórí wọn. Irun tó bá tẹ́ mọ́ orí, bíi ṣùkú kékeré tó lọ sílẹ̀ sí ìpàkọ́, tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, ni mo ń dì fún wọn.

Ìyá Mọ́rẹ́: Ha! Irun Mọ́rẹ́ ga lọ́jọ́ náà o, ti ìgbéyàwó àǹtí rẹ̀.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin: Òótọ́ pọ́ńbélé ni Onírun sọ. Ó yẹ kó wà ní ìwọ̀n ìka méjì sókè irun tó wà lókè ojú, kó má yẹ̀ bí ọmọ bá mi orí. Èyí tó ti fẹ̀ jù, tàbí tí ọmọ ti dàgbà jù, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì ṣubú rí.

Ẹlẹ́ṣin Etíkun: Èmi ń yá ènìyàn lẹ́ṣin ní etíkun. A ò ní akoto. Tí mo bá mú un wá, àwọn oníbàárà ò ní dé e, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ìyá Mọ́rẹ́, tí ẹ bá ra tuntun, ẹ fún mi ní ti àtijọ́, màá máa fi dé àwọn ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì Àkókà: Rárá o!

Ṣọlá Yábàá: Rárá. Ohun tí kò yẹ orí Mọ́rẹ́ kò yẹ orí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹlẹ́ṣin Etíkun: Ọkàn rere ni mo fi sọ ọ́ o. Iyanrìn rọ̀.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin: Mo mọ̀, arákùnrin mi. Etí omi le bíi títì, ìwọ náà mọ̀. Òbí tó bá rí akoto lórí ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé inú ẹ̀ ti kú. Ìyá Mọ́rẹ́, ẹ gé okùn rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, torí àwọn tó ń ṣa ilẹ̀ lè fọ̀ ọ́ tà.

Ìyá Mọ́rẹ́: Ẹ gbọ́. Mo tú aṣọ inú ẹ̀ nísinsìnyí. Mi ò rí ilà kankan, ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà níbẹ̀, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2016. Mo gbé e lọ bá Bàbá Mọ́rẹ́. Wọ́n kà á, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní èló ni tuntun.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Bàbá Mọ́rẹ́, èèyàn dáadáa! Mo dá ọ̀rọ̀ táyà padà.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin: Ẹ má ra tòkúnbọ̀ o. Kò sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ fi gbálẹ̀. Ẹ wo inú ẹ̀ fún àmì ìlànà ààbò akoto ẹṣin: ASTM F1163, PAS 015 tàbí VG1. Ti kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti ẹṣin, ẹ má gbà fún wọn. Ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń dín owó òmíràn kù fún ẹni tó bá ṣubú nínú tiwọn.

Dísípáàṣì Ọ̀jọ́ta: Èmi náà ti rí ọ̀kan tó ní fóòmù. Ẹni tó ń tà á ní kí n mú owó wá lọ́la. Màá ya inú ẹ̀ fún yín kí n tó san.

Ìyá Mọ́rẹ́: Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tuntun fún ọmọdé ní Èkó? Sẹ̀ǹtímítà 54 ni ìwọ̀n orí rẹ̀.

Ṣọlá Yábàá: Èmi náà ń wá a fún àbúrò mi, 57. Ẹ jẹ́ ká jọ bá ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́.