Ìfọkànsí àbí àfiyèsí? Lórí orúkọ tó yẹ ohun tí iyè ń ṣe láìmọ̀ọ́mọ̀

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pe bí iyè ènìyàn ṣe ń yà sí ohun tó ń bani lẹ́rù, tó ń bani nínú jẹ́ tàbí tó ń múni bínú ní "ìfọkànsí ìmọ̀lára", kí a sì máa lò ó bí a bá ń kọ̀wé lórí ọ̀nà tí ìwà ń gbà darí rẹ̀ lára àwọn tó ní àìsàn ọkàn. "Ìmọ̀lára" tẹ́ mi lọ́rùn. "Ìfọkànsí" ni n kò lè fara mọ́.

Ẹni tó fọkàn sí nǹkan, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. A máa ń ní kí ọmọ fọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun fọkàn sí ariwo tó ta òun jí. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì ń wọ̀n níbí kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohunkóhun. Nínú ìdánwò tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, MacLeod, Mathews àti Tata, gbé jáde ní 1986, ọ̀rọ̀ méjì á hàn lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani. Kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, wọ́n á ti pòórá, àmì kékeré kan á yọ níbi tí ọ̀kan wà, ẹni náà á sì tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí i. Bó bá yára tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àmì náà yọ níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù wà, a jẹ́ pé iyè rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ta ló fọkàn sí nǹkan níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ "ọkàn" fúnra rẹ̀ tún ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí òun kan náà là ń pe ẹ̀yà ara tó ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde àti ibi tí èrò ń gbé. Wàhálà yìí kọjá ti ẹwà gbólóhùn. Ní 2005, Johan Denollet ti Yunifásítì Tilburg ní Nẹ́dálándì gbé ìwé ìbéèrè DS14 jáde láti fi mọ àwọn tó ní irú ìwà kan tó pè ní Irú D. Gbólóhùn 14 ló wà níbẹ̀: 7 lórí àníyàn, ìbànújẹ́ àti ìkanra, 7 lórí àìlè tú ara sílẹ̀ láàárín ènìyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 4, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tó 10 lápá méjèèjì ni wọ́n ń kà mọ́ Irú D. Bí atúmọ̀ bá wá kọ "àyà mi sábà máa ń já" síbi tí wọ́n ti ń béèrè nípa àníyàn, aláìsàn ọkàn á fún un ní 4, àyà rẹ̀ ń já lóòótọ́, àìsàn ló sì fà á. A ó wá ka àmì àìsàn mọ́ ìwà. "Mo sábà máa ń ṣàníyàn" kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, "àfiyèsí" ni mo mú. Iyè ló wà nínú rẹ̀, a sì lè sọ pé nǹkan "gba àfiyèsí" wa láìjẹ́ pé a fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó hàn kedere, a lè kọ "àfiyèsí àìmọ̀ọ́mọ̀". "Ìfàyè" tí àwọn kan dábàá kúrú lóòótọ́, àmọ́ "ìfàyègbà" ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó bá kà á. "Ìfanimọ́ra" ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ohun tó dùn mọ́ni, ẹ̀rù kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Mo fẹ́ kí a rọra pẹ̀lú "ìwà" náà. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìwà aláìsàn ló kan àìsàn rẹ̀ máa rò pé à ń bá a wí ni. "Àbùdá" kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ibi tó le jù lọ ni orúkọ tí a ó fún apá kejì DS14, ti àìlè tú ara sílẹ̀ láàárín ènìyàn. "Ìpamọ́ra" àti "ìkóra-ẹni-níjàánu" jẹ́ ohun tí a fi ń yin ènìyàn, "ìdìkùnsínú" sì jẹ́ ti ẹni tó ń gbé ibi sínú, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí à ń sọ kò ní ẹnikẹ́ni sínú: inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì dákẹ́ nítorí ó ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ. "Ìfisínú" ni mo rí tó sún mọ́ ọn jù, bí a bá kọ́kọ́ kọ ọ́ ní kíkún pé "ìfisínú nítorí ojú ènìyàn".

"Darí" tó wà nínú àbá náà pẹ̀lú ti lágbára jù. Bí a bá wọn àbùdá àti àfiyèsí lọ́jọ́ kan náà, a ò lè fi ìyẹn mọ èyí tó ṣíwájú, àìsàn náà sì lè yí àfiyèsí padà fúnra rẹ̀, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ rí kò lè ka "àyà dídùn" bí ẹni ka "àga". "Ní í ṣe pẹ̀lú" tó. Bó bá sì jẹ́ àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dí là ń kọ̀wé nípa wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ "àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn" ní kíkún, kò ní sí ẹni tó máa rò pé èrò ló ń dààmú wọn.