Ẹni tí kò gbọ́ ìhìnrere rí, kí ló máa dá a lẹ́bi?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí i. Jòhánù 3:18 sọ pé a ti dá ẹni tí kò gbàgbọ́ lẹ́jọ́ ná. Róòmù 2:12-15 ní tirẹ̀ ní àwọn tó ṣẹ̀ láìní òfin yóò ṣègbé láìní òfin, ẹ̀rí ọkàn wọn sì ń jẹ́rìí. Ṣé àìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ń dá wọn lẹ́bi ni, àbí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ti ń dá tẹ́lẹ̀? Èrò kejì ni mo fara mọ́.

Ibi tó ta kókó fún mi gan-an ni Lúùkù 12:47-48: ìránṣẹ́ tó mọ ìfẹ́ olúwa rẹ̀ tí kò ṣe é yóò jẹ pàṣán púpọ̀, èyí tí kò mọ̀ yóò jẹ díẹ̀. Báwo ni “díẹ̀” ṣe bá ìyà àìnípẹ̀kun inú Mátíù 25:46 mu? Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kátólíìkì ayé àtijọ́, gbà pé ìyà náà kò lópin, ṣùgbọ́n pé líle rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnì kan sí èkejì. Ẹsẹ wo ló ti èyí lẹ́yìn? Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ọkàn máa parun nítorí Mátíù 10:28, tó ní kí a bẹ̀rù ẹni tó lè pa ọkàn àti ara run ní ọ̀run àpáàdì, báwo lẹ ṣe ń ka Ìfihàn 20:10, tó sọ̀rọ̀ ìdálóró tọ̀sán-tòru títí láé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ka sí ẹsẹ. Ọ̀rọ̀ ọkàn ènìyàn ni.