Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn òòfà iná ń já mi láyà: ṣé kí a kó kúrò nílé yìí?

Ayálégbé Ìjẹdé: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ìdààmú ọkàn ni mo fi ń kọ èyí. Onílé wa ní Ìjẹdé, ní Ìkòròdú, gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ wa. Ó ní kí a má ṣe kan ìṣó mọ́ ògiri, ó ní kí a má ṣe fọ mọ́tò nínú ọgbà, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa pé wáyà ńlá tó ń gbé iná kọjá wà lẹ́yìn ilé. Mo ra ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú tí a fi ń wọn òòfà iná, ìyẹn agbára òòfà tó ń yọ lára wáyà tí iná ń gbà kọjá, ó sì ń kọ 28 lórí ìrọ̀rí ọmọ mi. Ṣé kí a kó kúrò?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, kí lẹ tún ń dúró ṣe? Àbúrò mi gbé abẹ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀ rí ní Àgbọ̀wá, onílé kò sì dá kọ́bọ̀ padà fún un.

Oníná Ìgbógbó: 28 kí ni? Milligauss àti microtesla ni a fi ń ka òòfà; milligauss 10 ni microtesla 1. Bí ó bá jẹ́ milligauss, 2.8 microtesla péré ni, bẹ́ẹ̀ ààlà tí ICNIRP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán àti òòfà iná, fi lélẹ̀ fún ará ìlú ní 2010, fún iná 50 Hz bíi tiwa, jẹ́ 200 microtesla.

Olùkọ́ Físíìsì: Nítorí ohun tí òòfà ń ṣe sí iṣan ìmọ̀lára lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ààlà yẹn lélẹ̀, kì í ṣe nítorí ohun tó lè ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ní 2002, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, fi òòfà iná sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ, nítorí ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí òòfà ilé wọn ju 0.3 sí 0.4 microtesla lọ ní ìpíndọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló fà á.

Oníná Ìgbógbó: Ẹ̀yin náà ń dẹ́rù ba ènìyàn! Ìpíndọ́gba lẹ wí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ayálégbé yìí wọ̀n ọ́n. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ kò sì mì? Bí a bá ń mi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òòfà ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ lè mú kí ó purọ́.

Ayálégbé Ìjẹdé: Milligauss ni. Mo gbé e kalẹ̀ ni, n kì í ṣe ọmọdé. Lẹ́yìn ọgbà, níbi tó sún mọ́ wáyà jù lọ, 6 ló kọ.

Olùkọ́ Físíìsì: 6 nítòsí wáyà, 28 nínú yàrá? Bí a bá ṣe ń jìnnà sí orísun òòfà ni ó ń dínkù. Kí ló wà lẹ́yìn ògiri tí ìrọ̀rí kọjú sí?

Ayálégbé Ìjẹdé: Inverter wa ni, nítorí pé kò sí àyè ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri bíríkì ló wà láàárín wọn.

Oníná Ìgbógbó: Bíríkì kì í dá òòfà dúró. Ẹ pa inverter náà, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ayálégbé Ìjẹdé: Mo pa á, 2 ló kù. A ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n onílé yẹn ṣì gbọ́dọ̀ dá owó mi padà.