Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín tún ilé ṣe l'Óṣogbo, kí lojú yín rí?

Àbíkẹ́ Òkè-Fìà:
Ẹ káàsán, ẹ̀yin ará Òròkí. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni òrùlé yàrá mi ti ń jò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti abọ́ ìfọṣọ ni mo fi ń gbe omi. Kápẹ́ńtà wá wò ó, ó ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni owó iṣẹ́ òun, mi ò sì tíì ra ìṣó kan. Mo wo àkàsọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, mo wo ara mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ ara yín tún ilé ṣe rí, kí lojú yín rí? Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ọmọ Òròkí:
Má gùn ún.

Ẹlẹ́ran Ìgbónà:
Èmi gùn ún o, mo sì wà láàyè. Ohun tí kápẹ́ńtà ò ní sọ fún yín nìyí: ibi tí omi ti ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì yín kọ́ ló ti wọlé. Omi á gba ihò kan wọlé lókè, á máa tọ igi òrùlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá wù ú ni yóò ti já sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń dí ibi tí kò jò. Ìgbà tí mo ní kí ọmọ mi wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, kó pa tọ́ọ̀ṣì, ló tó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́. Ìṣó tí rọ́bà ọrùn rẹ̀ ti gbẹ ni. Mo yọ ọ́, mo fi èyí tí rọ́bà rẹ̀ ṣì tutù, tó sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kàn án padà. Ó parí. Ẹ má tẹ àárín páànù o. Ojú ìlà ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò:
Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀dà títì ni bàbá wa fi ń lẹ̀ ẹ́ nígbà tiwọn. Ọdún mẹ́jọ ló fi dúró.

Jẹ́jẹ́ Layé:
Ìyá Ìbejì, bí oòrùn bá wá mú ńkọ́, ọ̀dà yẹn kì í kán sínú ọbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ayétòrò:
Ó kán lẹ́ẹ̀kan. A jẹ ẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, mo mọ̀ pé ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé tí ìyá ìyá mi ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ilé amọ̀ ni, ti àtijọ́, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́. Ìta rẹ̀ ti ń ṣí, adìyẹ ń ṣá a jẹ. Lọ́dún 2021, mo gba owó díẹ̀ níbi iṣẹ́, mo ní màá dá ìyá lọ́lá. Mo wo fídíò méjì lórí YouTube, mo ra sìmẹ́ńtì àpò márùn-ún àti yanrìn, èmi àti àbúrò mi sì fi gbogbo ìsinmi Iléyá rẹ́ ògiri iwájú. Ó dán! Àwọn aládùúgbò ń kí wa kú iṣẹ́. Ìyá nìkan ni kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fọwọ́ pa á.

Òjò ọdún kìíní, kò sí wàhálà. Òjò ọdún kejì, bí mo bá fi ìka kan ògiri, á máa dún bí agbè tó ṣófo. Mo ní kò burú. Lóru ọjọ́ kan ni ìyá pè mí, wọ́n ní olè ń dálé. Kì í ṣe olè. Gbogbo ohun tí a rẹ́ mọ́ ọn ló ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fa amọ̀ ògiri lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó ń kọjá ní títì ń kí ìyá níbi tí wọ́n jókòó sí ní pálọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lanu: "Ilé tí bàbá ọkọ mi fẹsẹ̀ pò, ìwọ lọ fi sìmẹ́ńtì dí i nímú."

Jẹ́jẹ́ Layé:
"Dí i nímú!" Mo kú o.

Bíríkìlà Gidi:
Ìyá àgbà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Amọ̀ ń mí. Ó ń fa omi láti ilẹ̀, oòrùn àti atẹ́gùn á sì gbà á lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi ò ríbi jáde, á há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀, bí oòrùn ṣe ń nà wọ́n kò dọ́gba, ìyapa wọn kò lè ṣàì wáyé. Bí wọ́n bá pè mí sí ilé amọ̀, amọ̀ náà ni mo fi ń rẹ́ ẹ: erùpẹ̀ pupa, yanrìn díẹ̀, koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, ká pò ó, kó sùn mọ́jú. Àwọn àgbà a máa fi bọ̀tọ́ sí i. Bí onílé bá ta kú pé sìmẹ́ńtì lòun fẹ́, màá kọ́kọ́ kan wáyà onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ mọ́ ọn, kí nǹkan lè rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n màá sọ fún un pé ó kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni.

Jẹ́jẹ́ Layé:
Bọ̀tọ́ kẹ̀? Ìgbẹ́ màlúù, láyé tí a wà yìí?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ìwọ ọmọ yìí, ilẹ̀ yàrá tí wọ́n bí mi sí, bọ̀tọ́ ni ìyá mi fi ń pa á. Aró ni wọ́n fi ń kun ìdí ògiri, ó máa ń dán, kò sì rùn bó bá ti gbẹ. Táìsì rẹ tó ń yọ̀ yẹn, mélòó ló ti gbé ṣubú?

Awo Ò Ya:
Bíríkìlà, mi ò gbà pátápátá. Ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní ìgboro yìí, amọ̀ ló wà nínú wọn, sìmẹ́ńtì ló wà níta, láti ayé òyìnbó, wọ́n ṣì dúró síbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Bíríkìlà Gidi:
Ẹ wo òrùlé wọn dáadáa, ó yọ síta, òjò kì í na ògiri. Ilé ìsinsìnyí, òrùlé dà bíi fìlà tí kò bá orí. Wọ́n sì ń tọ́jú wọn. Àwọn ère inú igbó Ọ̀ṣun tí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó tó ń jẹ́ Susanne Wenger, àtàwọn èèyàn rẹ̀ fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ, ṣé ẹ rò pé wọ́n dá dúró ni? Wọ́n ń tún wọn ṣe. Ẹ má sì gbàgbé pé iṣẹ́ bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ yẹn, ń ṣe kí ayé tó mọ̀ ọ́n mọ́ ère. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún wa.

Ọmọ Òròkí:
Bíríkìlà ti ń ki ara rẹ̀.

Owó Tán:
Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣé ilé ẹbí ni, àbí ti ìyá nìkan? Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, odò lo da owó rẹ sí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ilé ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tún ojú egbò tẹ̀. Àwọn bàbá tí kò mú kọ́bọ̀ kan wá nígbà tí ògiri ń ṣí, ọjọ́ kejì tó wó ni wọ́n pèpàdé. Wọ́n ní ta ló fún mi láṣẹ.

Owó Tán:
Mo sọ ọ́!

Ìyá Ìbejì Ayétòrò:
Kí ìyá rẹ̀ wá máa sùn síta? Ọmọ tó ṣe dáadáa lẹ ń bú.

Àbúrò Lọ́yà:
Owó tí o fi tún ilé ẹbí ṣe kò sọ ọ́ di tìrẹ, ilé ẹbí ni yóò máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni títà rẹ̀: bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni látilẹ̀wá. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgbọ́ tàwọn aṣojú ìdílé, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ ní ọ̀nà Ìlobùú àti Ọ̀kínní, kí ẹ rí olórí ẹbí àtàwọn aṣojú ìdílé kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé. Fọ́tò ọjọ́ tí ẹ san owó kò tó.

Awo Ò Ya:
Ṣebí Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀?

Ẹlẹ́ran Ìgbónà:
Gómìnà ló nilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ló ń gbowó. Mo san ti ìpìlẹ̀, mo san ti líńtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ tí mo fẹ́ kan òrùlé wọ́n tún dé.

Àbúrò Lọ́yà:
Gómìnà ń di ilẹ̀ mú fún ará ìlú ni, sà. Ìdí nìyẹn tí C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀, fi ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Sísí Dada Estate:
Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbọ́ ti ayálégbé. Mo gba yàrá méjì àti pálọ̀, ìdí ògiri ń yọ funfun bí iyọ̀, ọ̀dà ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Lánlọ́ọ̀dù ní kí n tún un ṣe, a jọ máa ṣírò rẹ̀. Mo há ibi tó bàjẹ́ kúrò títí dé ìbàdí, mo pe ẹni tó bá mi rẹ́ ẹ pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, èmi fúnra mi ni mo kùn ún. Àwọ̀ ewéko díẹ̀, ó dùn ún wò. Ọdún yípo, lánlọ́ọ̀dù wọlé, ó wò yíká, ó ní "Ilé yìí mà ti dára o." Ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin lé owó ilé.

Jẹ́jẹ́ Layé:
Áà!

Owó Tán:
Ẹ̀yin lẹ ṣe é fún ara yín.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò:
Onílé lèmi náà, ẹ jẹ́ n gba tiwa sọ. Ayálégbé mi kan kan ìṣó mẹ́rìnlá mọ́ ògiri kan ṣoṣo, ó ní òun ń gbé fọ́tò kọ́. Ìgbà tó kó lọ, ògiri dà bí ajọ̀. Ta ló san án?

Sísí Dada Estate:
Mà, èmi ò kan ìṣó kankan. Mo KÙN ún ni.

Bíríkìlà Gidi:
Sísí, iyọ̀ yẹn máa padà wá. Ẹni tó kọ́ ilé náà kò tẹ́ ọ̀rá sórí ìpìlẹ̀ kó tó to búlọ́ọ̀kù. Omi ilẹ̀ ló ń gùn bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wú erùpẹ̀ tó bo ìdí ògiri níta kúrò, kí omi òjò má sì dúró níbẹ̀. Ó máa dín in kù.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ọdún wo gan-an ni Sísí kùn ún? Oṣù Kejì ọdún 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀ fẹ́ǹsì tèmi, ní oṣù tí sìmẹ́ńtì ya wèrè. Bí mo bá ra mẹ́wàá lónìí, lọ́la owó náà ò ní ra mẹ́jọ. Ìjọba àtàwọn iléeṣẹ́ jókòó, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún méje sí mẹ́jọ ni wọn yóò máa tà á. Mo gbé redíò mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á ní Alẹ̀kúwodò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ rà á lọ́wọ́ redíò.

Ọmọ Òròkí:
Fẹ́ǹsì yẹn ti parí, sà?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ó dé orúnkún.

Alátiṣe Ògo-Olúwa:
Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ fọwọ́ ara yín kun ilé, ẹ fi dí òrùlé, ẹ má fọwọ́ kan wáyà. Wáyà 1.5, tí wọ́n ń lò fún gílóòbù, ni mo fà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé owó rẹ̀ kéré sí ti 2.5 tó yẹ kí n fà. Ìyàwó mi ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Òórùn rọ́bà ló jí wa lójú oorun ọ̀sán. Ọlọ́run ló ní iná náà kò ràn mọ́ kọ́tìnì.

Jẹ́jẹ́ Layé:
Ẹ tiẹ̀ níná. Òṣogbo yìí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, àdúgbò tèmi wà nínú òkùnkùn láti ọjọ́ Ẹtì.

Ẹlẹ́ran Ìgbónà:
Alágbẹ̀dẹ kì í ní ọ̀bẹ nílé. Àbíkẹ́ dà? Òun ló pe àpèjọ, a ò rí i mọ́.

Àbíkẹ́ Òkè-Fìà:
Mo wà lókè. Ihò mẹ́ta ni mo rí, mo ti kan méjì, ojú ìlà ìṣó ni mo ń tẹ̀ bí ẹ ṣe sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ aládùúgbò ti gbé àkàsọ̀ lọ ká máńgòrò, òjò sì ti ń ṣú lápá Èdè.

Ọmọ Òròkí:
Kí ni mo sọ?