Ta ni yóò san owó ìwòsàn lébìrà tó já bọ́?

Ọmọ Bíríkìlà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Níjẹta, àbúrò mi tó ń ṣe lébìrà níbi ilé alájà mẹ́ta kan ní Ìkòròdú já bọ́ láti orí pákó, nítorí pé ọparun tó gbé pákó náà dúró ti sán láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kán. Agbaṣẹ́ṣe ní ojúmọ́ lòun ń san owó fún un, pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ náà kàn án gidigidi. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò yọ lébìrà olójoojúmọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó agbaṣẹ́ṣe létí láàárín ọjọ́ 14, kí òun náà sì fi tó NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó gbà-má-bínú náà, létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Fóòmàn Àgbà: Òótọ́ ni Ìyá Àdùkẹ́ sọ. Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè, mo máa ń fi òòlù kan ọparun kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èyí tó bá ti sán kì í dún ketekete bí èyí tó le. N kì í sì í gbà kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù jọ sójú kan lórí pákó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ó sì dùn mí pé wọn kò ṣe é fún ọmọ yìí.

Ọmọ Bíríkìlà: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ya àwòrán ọparun náà. Lónìí ni n ó kọ lẹ́tà.