Ilé ìgbàlódé fún olówó tó ń kó ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)

ỌmọKétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ayàwòrán ilé ni mí. Bàbá kan fẹ́ kọ́lé sí Àjàṣẹ́, kò jìnnà sí ọ̀sà. Wọ́n ní ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rẹpẹtẹ, aṣọ eégún, àti ìbòjú tí Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ará Benin, fi kẹ́ẹ̀gì epo ṣe. Gíláàsì láti òkè délẹ̀ ni wọ́n fẹ́ níwájú, iwájú ọ̀hún sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ní kí àlejò lè máa rí ọnà láti títì. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí ni kí n wí fún wọn?

BíríkìlàÀjàṣẹ́: Àbúrò, má yà á bẹ́ẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í gba òkè orí, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, òrùlé kankan ò lè dí i. Àríwá àti gúúsù ni kó o ṣí fèrèsé ńlá sí. Aṣọ eégún ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ilé ọnà tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ orí aṣọ kọjá lux 50 (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Ti oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000. Àwọ̀ tó bá ti ṣí, ó ṣí nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì náà ò gbádùn oòrùn: ike á gbẹ, á máa sán díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì tó di imú ìbòjú á fi kán.

Lọ wo àwọn ilé Àgùdà, ti àwọn tó padà dé láti Brazil, tó wà nílùú wa, fọwọ́ kan ògiri wọn, wàá rí i bó ṣe nípọn tó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kan, Villa Ajavon, tí wọ́n kọ́ ní Ouidah ní 1922, ni àjọ ọnà Fondation Zinsou sọ di ilé ọnà ní 2013. Fi yàrá ọnà sí àárín gbùngbùn ilé, kó o fi gíláàsì fún pálọ̀. Ènìyàn ló nílò gíláàsì.

ÌyáAkábàÌdènà: Òótọ́ ni bíríkìlà sọ. Ẹ má gbàgbé ọyẹ́ o. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń tàn lọ́sàn-án, tí wọ́n ń pa lóru, igi ń wú, igi ń sún kì, bó ṣe ń ya nìyẹn. Ẹ má sì gbé ère ti ògiri ìta, nítorí ọ̀rinrin àti ikán.

Ọmọ mi, bi bàbá yẹn léèrè: èwo ló ṣì ń jáde ijó nínú wọn? UNESCO kọ orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àṣà àjogúnbá aráyé ní 2008, ó dára, ṣùgbọ́n ijó ni wọ́n gbẹ́ ère náà fún. Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn gbọ́dọ̀ ga, kó sì fẹ̀, kí ẹni tó gbé e sórí, tó di aṣọ sára, lè bọ́ sí àgbàlá láìbẹ̀rẹ̀.

ỌmọKétu: Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Wọ́n ní méjì ṣì ń jáde lọ́dọọdún. Màá ya àgbàlá sáàárín, kí yàrá ọnà ṣílẹ̀kùn sí i. Ẹ̀gbọ́n, ṣé bíríkì amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ pò máa dúró létí ọ̀sà?

BíríkìlàÀjàṣẹ́: Á dúró dáadáa, bí ìpìlẹ̀ kọnkéré bá ga kúrò nílẹ̀, tí òrùlé sì yọ síta tó mítà kan. Kí ẹ da oògùn ikán sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó da kọnkéré.