Ìbọn mi kò dé ibi ìgbéyàwó

Ará Houston:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí ojú ṣe fẹ́ tì mí nígbà ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland. Ní Texas tí mò ń gbé, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò dí lọ́wọ́, ti lè máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Tèmi ti wà nínú ọkọ̀ bí agboòrùn, mo tiẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

A wakọ̀ títí, a yà sùn lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi ní Virginia. Ilẹ̀ mọ́, mò ń to ẹrù sí búùtù, ó rí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e kọjá odò Potomac o!" Ó ní Maryland kì í ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn sí, áńbèlètè èmi tí n kò ní kankan. Mo jiyàn. Mo ní ṣebí òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1986 gbà kéèyàn gbé ìbọn kọjá ìpínlẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹni tó ń kọjá lọ síbi tí òfin ti gbà á láyè láti gbé e, tó yọ ọta inú rẹ̀, tó sì gbé e síbi tí ọwọ́ kò lè tó o nínú ọkọ̀. "Ṣé ẹ̀yin ń kọjá lọ ni, àbí ijó lẹ fẹ́ lọ jó?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú sééfù àna mi ni ìbọn náà sùn.

Ìyá Ìbejì, Maryland:
Àna yín ṣeun. Èmi gba ìwé àṣẹ níbí lẹ́yìn ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ọdún 2022. Tẹ́lẹ̀, wàá kọ́kọ́ sọ ìdí pàtàkì tí o fi fẹ́ gbébọn, ìdí ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọn kì í sì í gbà. Wákàtí 16 ni mo fi gba ẹ̀kọ́. Ohun tí olùkọ́ wa tẹnu mọ́ jù ni sísá: ní ìta, bí ọ̀nà àtisá láìfarapa bá wà, sá ná. Inú ilé rẹ nìkan ni wọn ò ti ní bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò sá. Mo ní àwọn àgbà wa ti sọ ọ́, akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ sójú pátákó.

Ará Houston:
Tiwa yàtọ̀ o. Láti 2007, kò di dandan kó o sá, bí ibi tí o wà bá tọ́ sí ọ, tí kì í ṣe ìwọ lo fa ìjà, tí o kò sì sí lẹ́nu ìwà ọ̀daràn lọ́wọ́.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí i gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, físà F-1. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò. Fọ́ọ̀mù ẹnu ọ̀nà béèrè irú físà mi, obìnrin tó wà ní káńtà wò ó, ó ní kí n lọ jókòó. Òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ mú ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ṣíṣe. Mo jókòó, mò ń mu kóòkì, àwọn yòókù ń yìnbọn. Èmi tí mo ti ń ru ṣakabùlà bàbá mi tẹ̀lé e lọ sígbó láti kékeré!